Tẹ́ ẹ bá sá 140, ìṣẹ́jú mélòó lẹ jèrè?

Kò sí ẹni tó ń wọ mọ́tò láti Ìbàdàn sí Èkó tí kò tíì gbọ́ ọ: "Dírẹ́bà, ẹ bá wa tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ jàre, a ti pẹ́." Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé bí eré bá ṣe ń lé sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àkókò ń dín kù ní déédéé. Òótọ́ ni pé ó ń dín kù. Déédéé yẹn ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà márosẹ̀ náà fi díẹ̀ lé ní 120 kìlómítà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kúkú mú 120. Ẹni tó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan yóò lo wákàtí 3. Bó bá gbé e dé 60, ó di wákàtí 2: ó jèrè odidi wákàtí kan. Ẹlòmíì wà lórí 100, ìṣẹ́jú 72 ló máa lò. Òun náà fi 20 kún un, ó di 120, ó lo ìṣẹ́jú 60. Ogún kan náà ni àwọn méjèèjì fi kún eré wọn o, ìṣẹ́jú 12 péré sì lèrè ti ẹnì kejì. Bó bá tún tẹ ẹ́ dé 140, èrè tó kù kò tó ìṣẹ́jú 9.

Pípín ló wà níbẹ̀, kì í ṣe yíyọ. Ẹ fi eré ṣe ìlọ́po wákàtí, 120 ló gbọ́dọ̀ máa jáde ṣáá. Epo inú táǹkì lọ̀pọ̀ fi ń wò ó, èyí tí kìlómítà kọ̀ọ̀kan ń mu ìwọ̀n kan náà nínú rẹ̀. Àkókò ò rí bẹ́ẹ̀.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gan-an ló ń jẹ àkókò. Ká ní ẹ fẹ́ sá 100 dé Èkó, lẹ bá fi ìṣẹ́jú 30 wọ́ 5 kìlómítà níbi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe. Kẹ́ ẹ tó lè dé lásìkò tẹ́ ẹ dá, ẹ ní láti fi ìṣẹ́jú 42 sá 115 kìlómítà tó kù. Eré tó ju 160 lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 100 lòfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí márosẹ̀.

Bírèkì ní ìṣirò tiẹ̀. Láti 100 sí 140, ibi tí mọ́tò máa fà dé kó tó dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìṣẹ́jú bí 20 lẹ máa rí gbà nídìí ẹ̀, ìyẹn bí ọ̀nà bá dá látòkèdélẹ̀.