Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún ìwé mẹ́ta oníròyìn náà

Ẹ kú ìkàwé o, oníbàárà wa. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ èrò yín ní gbangba lórí ìwé mẹ́ta tí oníròyìn kan kọ, tí ẹ rà lọ́wọ́ wa: ìwé fíìmù, ìwé bọ́ọ̀lù àti ìwé ẹranko. Ohun mẹ́rin lẹ kọ: pé ojú ìwé 161 sí 176 yọ kúrò nínú ìwé fíìmù kí ẹ tó kà á tán, pé òfin tó wà nínú ìwé bọ́ọ̀lù ti di ti àtijọ́, pé ìtàn ẹṣin kan náà wà nínú ìwé fíìmù àti ìwé ẹranko, pé irọ́ ni oníròyìn yìí pa nígbà tó ní ìkookò (hyena) ń ṣọdẹ fúnra rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́, ẹ̀bi wa ni. Ní ti méjì yòókù, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ibẹ̀ gan-an ni iyì ìwé wọ̀nyí wà.

Ojú ìwé 16 ló yọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í ṣe bí ẹ ṣe ṣí ìwé ló fà á. Ìdì olójú ìwé 16, ìyẹn ewé tí wọ́n ká pọ̀ tí wọ́n sì so pọ̀ lẹ́yìn, ni wọ́n fi to ìwé yìí, ìdì kọkànlá ló sì bẹ̀rẹ̀ ní 161. Ká ní ẹ ṣí i jù ni, ewé kọ̀ọ̀kan ni ì bá máa já. Tí odidi ìdì bá jáde, òwú tí wọ́n fi rán an kò mú, tàbí gọ́ọ̀mù kò dé ibẹ̀. A ó fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ dá èyí tó wà lọ́wọ́ yín padà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń pọ́n, á sì wọnú bébà. Tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, gọ́ọ̀mù funfun tí kì í le gbagidi tó bá gbẹ ni kí ẹ lò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fà á sí ẹ̀yìn ìdì náà nìkan, kó má fẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ, ẹ fi ọ̀rá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó má baà lẹ̀ mọ́ ìyókù, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ gbé ohun wúwo lé e fún wákàtí 24.

Ìwé bọ́ọ̀lù, ọdún 2017 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. A kò kọ ọdún yẹn síbi tí a pàtẹ rẹ̀ sí, ó sì yẹ ká kọ ọ́. A ti kọ ọ́ báyìí. Orí tó dá lórí òfin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. VAR, ìyẹn fídíò tí wọ́n fi ń ran rẹfirí lọ́wọ́, wọ ìwé òfin ní 2018. Láti 2019, bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé gbá láti ojú ilé kò ní láti jáde nínú àpótí pẹ́nárítì mọ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbà á, ẹsẹ̀ kan aṣọ́lé sì ti tó lórí ìlà nígbà tí wọ́n bá ń gbá pẹ́nárítì sí i. Láti 2022, ìdíje ńlá lè gba ìpààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù márùn-ún títí lọ. Àwọn orí tó jẹ́ ìtàn kò yẹ̀: àtúnṣe òfin ọ́fúsáìdì ní 1925, káàdì pupa àti yẹ́lò ní 1970, òfin tí kò jẹ́ kí aṣọ́lé fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ gbá padà fún un mú ní 1992.

Ó wá ku ẹṣin. Ẹṣin tí Eadweard Muybridge, ayafọ́tò, yà ní Palo Alto, ní Kalifọ́ńíà, ní 1878 ni. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ayàwòrán máa ń ya ẹṣin tó ń sáré bí ẹni tó na ẹsẹ̀ iwájú síwájú, tó na ti ẹ̀yìn sẹ́yìn, tí gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Muybridge to kámẹ́rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 69 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ó sì ta okùn tín-ín-rín dábùú ọ̀nà. Ẹṣin fúnra rẹ̀ ló ń já okùn tó ń ṣí ojú kámẹ́rà. Fọ́tò jáde. Lóòótọ́ ni pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ẹsẹ̀ kó jọ sábẹ́ ikùn ni, kì í ṣe ìgbà tó nà wọ́n. Ìwé fíìmù sọ ti okùn àti kámẹ́rà, ìwé ẹranko sọ ti bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀léra.

Ohun tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bèèrè nìyẹn: ìgbà wo lẹ wò ó? Ẹ wo ọ́fúsáìdì, tó jẹ́ pé ibi tí agbábọ́ọ̀lù wà gan-an nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò. Kámẹ́rà tó ń ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbábọ́ọ̀lù tó ń sáré mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti fi sẹ̀ǹtímítà 20 sún síwájú kí àwòrán kejì tó wọlé. Tí ẹsẹ̀ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún un bá kan bọ́ọ̀lù láàárín àwòrán méjì ńkọ́? Èwo lẹ máa dá dúró?

Ti ìkookò náà kò yàtọ̀. Ìkookò alámì tótòtó ni oníròyìn náà ń sọ, ohun tó sì kọ tọ̀nà. Ẹni tó bá dé pápá ní àárọ̀ máa rí kìnnìún lórí ẹran, á rí ìkookò tó jókòó yí ká, á sì gbà pé kìnnìún ló pa á. Ní àwọn ọdún 1960, Hans Kruuk, onímọ̀ nípa ẹranko, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ìkookò lóru ní Serengeti àti Ngorongoro, ní Tàǹsáníà. Ó rí i pé ní Ngorongoro, lọ́pọ̀ ìgbà, ìkookò ló ti pa ẹran ọ̀hún lóru, kìnnìún ló wá já a gbà. Ìkookò ń jẹ òkú ẹran lóòótọ́, ìwé náà kò sì sẹ́ ẹ. Ẹ tún orí yẹn kà.

Ẹ fi nọ́ńbà ìrajà yín àti fọ́tò ojú ìwé 160 àti 177 ránṣẹ́ sí wa, ká lè mọ̀ bóyá ìdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ti ń tú, ká sì yẹ ibẹ̀ wò nínú èyí tí a ó fi rọ́pò. Tí ẹ kò bá fẹ́ ìwé bọ́ọ̀lù mọ́, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn, a ó dá owó rẹ̀ padà fún yín.