Ìbejì ni wá, àmọ́ wọn ò tọ́ wa bí ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi lónìí jàre, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó yáa bínú. Ìbejì ni mí. Èmi ni Kẹ́hìndé, èmi lobìnrin, Táíwò lọkùnrin. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, ilé kan náà n'Íbàdàn, kíláàsì kan náà láti jẹ́léósinmi títí dé SS3. Tí ẹ bá fẹ́ mọ nǹkan tí títọ́ ọmọ ń sọ ọkùnrin àti obìnrin dà, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà, ẹ wo àwa méjèèjì, torí nǹkan tó yà wá sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí wa ò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo ìyókù, ilé ló fi kún un.

Nǹkan tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá ínfátà ilé mi dákú. Ẹni tó máa ń bá mi tún un ṣe ní Ṣakí lòun wà, ó di ọ̀túnla kóun tó dé, bẹ́ẹ̀ ẹran inú fíríísà mi ti ń yọ omi. Ni mo bá pe Táíwò ní Kánádà lórí fídíò. Ó ní kí n fi tẹ́sítà wo ojú bátìrì. Mo ní tẹ́sítà wo? Ó ní, "Kẹ́hìndé, o ò ní tẹ́sítà nílé?" bí ẹni pé mo sọ pé mi ò ní ṣíbí nílé. Ó ní ó dáa, kí n gbé fóònù súnmọ́ ọn. Ló bá rí i pé ojú bátìrì kan ti hu nǹkan funfun jọ bí iyọ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ pa gbogbo swíìṣì, kí n tú nọ́ọ̀tì ẹ̀, kí n fi omi gbóná fọ ibẹ̀, kí n fi bíléèdì ha á kó dán, kí n dè é padà. Kò gbà wá ju ogún ìṣẹ́jú lọ, iná dé. ₦15,000 ni ọkùnrin Ṣakí yẹn máa ń gbà lọ́wọ́ mi fún irú ẹ̀.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, torí bíléèdì yẹn, mo ti dì í mú rí.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni Dádì wa ń tún ṣe. Tí a bá ti sùkúù dé, tí a jẹun tán, Táíwò á bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó di ṣọ́ọ̀bù Dádì. Èmi náà á bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó di ìdí abọ́. Abọ́ tí àwa méjèèjì fi jẹun o, àti ìkòkò àárọ̀, lẹ́yìn ìyẹn kí n lọ ata, kí n pọnmi, kí n gbá ẹ̀yìnkùlé kí Màmá tó ti ọjà dé. Ọmọ ọdún 9 ni wá nígbà yẹn. Ilé Yorùbá tó ń sọ fún gbogbo ayé pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán Táíwò níṣẹ́ kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn, ilé yẹn náà ló ní kí ẹ̀gbọ́n máa fọ abọ́ àbúrò.

Sátidé kan, Màmá ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún Dádì ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò sí níbẹ̀, wọ́n ti lọ ra páàtì rédíò, Táíwò ń sùn lórí bẹ́ǹṣì. Rédíò kékeré kan wà lórí tábìlì tí obìnrin kan gbé wá pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, mo rí i pé sípíríǹgì tí bátìrì ń fẹ̀yìn tì ti dípẹtà, mo mú bíléèdì Dádì, mo ha á, mo ha á títí ó fi ń kọ yẹ̀rì, mo ki bátìrì padà, rédíò fọhùn! Ìkéde òkú ni wọ́n ń kà, mi ò lè gbàgbé, ọmọ olóògbé ni mo dúró tí mò ń rẹ́rìn-ín sí. Dádì dé bá mi níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n pe ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kó wá wò ó, wọ́n ní, "Obìnrin bí ọkùnrin!" Wọ́n fún mi ní ₦20 kí n fi ra bisikíìtì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Táíwò ni wọ́n mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa ná, obìnrin bí ọkùnrin. Oríyìn ni o, Dádì ò ní ibi kankan lọ́kàn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ nǹkan tó ń sọ ni pé èyí tí mo ṣe yẹn kì í ṣe tèmi, mo kàn yá a lò ni. Tí ọkùnrin bá sì se ọbẹ̀ tó dùn, ta ló ń kì í ní "ọkùnrin bí obìnrin"? Ẹ dán an wò nílé yín kẹ́ ẹ wá bá mi sọ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe, ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí mo ṣírò ẹ̀. Ká ní wákàtí 2 péré ni Táíwò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, wákàtí 12 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, ó di 600. Láti ọmọ ọdún 9 sí 17, ọdún 8, ó di wákàtí 4,800. Ẹ pín in fún ọmọ iṣẹ́ tó ń lo wákàtí 8 lójúmọ́ ní ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 100 ló máa gbà á, ìyẹn ni pé ó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjì. Ọdún méjì! Táíwò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe fírídọ̀ọ̀mù kó tó kúrò nílé, kò sẹ́ni tó mọ̀, òun gan-an ò mọ̀. Wọ́n ní kí n máa fọ abọ́, wọ́n wá ní orí ọkùnrin ló gbé ọ̀rọ̀ wáyà. Ṣé orí ni àbí wákàtí?

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ń sọ pé "ṣebí wọ́n rán gbogbo yín lọ sí sùkúù kan náà", ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ẹ̀gbọ́n Màmá wa, ọmọ ọdún 6 ni wọ́n ní January 1955 tí sùkúù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Wẹ́sítà Rẹ́jọ́ọ̀nù láyé Awólọ́wọ̀. Wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n fún wọn ní síléètì. Nígbà tó di kíláàsì kẹrin, ìyá wọn bímọ ọkùnrin, wọ́n ní kí wọ́n dúró nílé kí wọ́n máa pọn ọmọ kí ìyá lè máa lọ sọ́jà. Wọn ò padà mọ́. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n yẹn ló ka ìwé dé yunifásítì o. Ìjọba ti sanwó sùkúù wọn, àmọ́ ta ló fẹ́ bá wọn san àsìkò tí ilé gbà lọ́wọ́ wọn?

Nígbà tí a wọ JSS1 lọ́dún 2000, sùkúù tiwa pín wa sí méjì, àwọn ọkùnrin mú Intro Tech, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwa mú Home Economics, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Tíṣà kan wà tó máa ń sọ pé obìnrin tó bá mọ ìṣirò jù, ọkọ á máa sá fún un. Bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1963 ni Grace Alele-Williams ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìkọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Chicago, lọ́dún 1985 ló sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ VC, ìyẹn ọ̀gá àgbà yunifásítì, ní Nàìjíríà, ní UNIBEN. Ọdún 15 lẹ́yìn ìyẹn, tíṣà wa ṣì ń fi ọkọ halẹ̀ mọ́ ọmọ ọdún 11.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á wá sọ pé àṣà wa ni. Àṣà èwo? Yorùbá tó jẹ́ pé "ó" ni a ń pe ọkùnrin, "ó" náà la ń pe obìnrin, tí Ayọ̀délé lè wọ ṣòkòtò, tó lè ró ìró? Yorùbá tó jẹ́ pé tí bàbá bá kú, ẹ fi ìdí igi pín ogún ẹ̀ o, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ ẹ̀, ẹ fi orí-ò-jorí pín in o, ìyẹn ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin wà níbẹ̀? Ní Abẹ́òkúta obìnrin ló ni iṣẹ́ àdìrẹ, ní Ìsẹ́yìn ọkùnrin ló jókòó ti òfì tó ń fi òwú ṣeré láti ayé baba ńlá wọn, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé ọwọ́ wọn rọ̀ jù. Owó èlùbọ́ Màmá ló san ju ìdajì owó sùkúù wa. Àwọn òyìnbó gan-an dá sí i: lọ́dún 1909 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin l'Ékòó, ó di 1927 kí Queen's College tó wà fún obìnrin. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́dún tí King's bẹ̀rẹ̀ á ti tó lọ sílé ọkọ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn tiẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, 1914 ni Grammar School tó gba ọmọbìnrin, Fúnmiláyọ̀ tó padà di Ransome-Kuti wà lára wọn, ẹ sì mọ nǹkan tí òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ojú Aláké rí lórí ọ̀rọ̀ owó orí títí tí Kábíyèsí fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949.

Àmọ́ kí n má purọ́, ilé yẹn rẹ́ Táíwò náà jẹ. Ọmọ ọdún 19 ni wá tí Dádì kú. Èmi yí mọ́lẹ̀, mo ké, àwọn obìnrin àdúgbò rọ̀gbà yí mi ká. Táíwò fẹ́ ṣí ẹnu báyìí, bùọ̀dá Dádì gbá a léjìká, "Ṣe gírí, ìwọ lọkùnrin ilé báyìí," wọ́n ki ìwé ìnáwó ìsìnkú sí i lọ́wọ́. Èmi Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fún mi níwèé kankan. Ọdún tó kọjá ló sọ fún mi pé òun ò tíì sunkún bàbá òun títí dòní.

Ní Kánádà ńkọ́? Ọdún àkọ́kọ́, spaghetti ló ń jẹ láàárọ̀, spaghetti lálẹ́. Ìyàwó ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó, Táíwò ló ń múra ọmọ fún sùkúù. Òwúrọ̀ kan ó pè mí, ọmọ ń sunkún, kóòmù wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ pín irun sí méjì?" Engineer o! Mo ní kó fi ìrù kóòmù fà á láti iwájú orí lọ sẹ́yìn ọrùn, kó fi omi àti ìpara sí i kó tó yà á. Bí òun ṣe ń darí mi nídìí bátìrì, bẹ́ẹ̀ ni mo darí ẹ̀ nídìí irun. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ níbí fún òṣìṣẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ bàbá ọmọ tuntun ní ìsinmi ọjọ́ 14 lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2022, ṣebí ẹ̀rín ni àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì wa ń rín, pé ṣé àwọn á fún un lọ́mú ni. Irun ẹ̀ ńkọ́?

Èmi náà tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí o, ẹ má rò pé mo mọ́. Oṣù tó kọjá ọmọbìnrin mi ń ṣe họ́múwọ́ọ̀kì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin na ẹsẹ̀ sórí àga tó ń tẹ géèmù, òǹgbẹ ń gbẹ mí, ẹni tí mo pè pé kó bu omi wá ni ẹni tó ń kàwé. Ó ti dìde tán kí ojú tó tì mí.

Láti ìgbà yẹn, ọkùnrin ló ń fọ abọ́ alẹ́. Màmá wá kí wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n rí i nídìí síńkì, wọ́n fẹ́ lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é." Wọ́n jókòó, wọn ò fọhùn, àmọ́ ojú wọn ò kúrò lára ẹ̀. Bó ṣe fẹ́ kó àwo síbi tí wọ́n ń kó o sí báyìí, ọ̀kan yọ̀ bọ́rọ́, ó fọ́ yángá. Màmá wò mí bí ẹni pé, ṣé o rí i?

Mo ní kó wá ìgbálẹ̀, kó kó èyí tó fọ́, kó fọ ìyókù.