Ẹ Yé Ta Kẹ́ẹ̀gì Tó Ń Jò Fún Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kẹ́ẹ̀gì irin àlòkù, àgbá tí à ń rọ bíà sí, fún àwa tí à ń pọn bíà nílé ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ ó kọ ọ́ sára ọjà pé ẹ ti tún un ṣe, pé ẹ ti dán an wò, pé kò jò. Irọ́ ni! Ẹ kàn fọ ara rẹ̀, ẹ nù ún kó máa dán, ẹ pààrọ̀ rọ́bà ńlá abẹ́ ìdérí nìkan torí òun ni ojú oníbàárà máa kọ́kọ́ rí, ẹ wá gba owó gidi lọ́wọ́ wa.

Ṣé rọ́bà kan ṣoṣo ló wà lára kẹ́ẹ̀gì ni? Kẹ́ẹ̀gì Cornelius tí ẹ ń tà yìí, èyí tó ń gba gálọ́ọ̀nù 5, rọ́bà 5 ló ní. Ọ̀kan wà lábẹ́ ìdérí, ọ̀kan wà lára ẹnu tí gáàsì ń gbà wọlé, ọ̀kan wà lára ẹnu tí ọtí ń gbà jáde. Méjì tó kù kéré, abẹ́ ẹnu méjèèjì ni wọ́n wà, níbi tí ọrùn páìpù inú jókòó sí. Àwọn méjì yìí ni ẹ kì í fọwọ́ kàn, torí àfi kéèyàn fi sípánà tú ẹnu yẹn kó tó rí wọn. Ibẹ̀ gan-an ló sì ń jò! Wọ́n ti gbẹ, wọ́n ti sán, òórùn ẹlẹ́rìndòdò ṣì wà lára wọn, nítorí irú kẹ́ẹ̀gì yìí ni Pepsi àti Coca-Cola fi ń gbé omi dídùn wọn káàkiri nígbà kan. Mo tiẹ̀ ti rí èyí tí wọ́n de ẹnu gáàsì mọ́ ibi tí ọtí ń gbà jáde. Ẹ sì ní ẹ dán an wò!

Bó bá jẹ́ ọtí ló ń jò, ó sàn, èèyàn á rí i nílẹ̀ fíríìjì. Ti gáàsì ló burú. Gáàsì CO2, èyí tó ń mú kí bíà hó, tí à ń fà láti inú sìlíńdà rẹ̀ wá sínú kẹ́ẹ̀gì, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ojú ìwọ̀n orí sìlíńdà pàápàá kò ní kìlọ̀ fún ọ: níwọ̀n ìgbà tí gáàsì olómi bá ṣì kù nínú rẹ̀, ojú kan ni ọwọ́ rẹ̀ máa dúró sí, àfi ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó tán kó tó já wálẹ̀. O sùn, o rò pé gáàsì wà. Ilẹ̀ mọ́, sìlíńdà ti ṣófo. Bíà tí mo fi ọkà bàbà pọn, tí mo fara balẹ̀ tọ́jú, kò hó mọ́, kò ta lẹ́nu mọ́. Rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là kan ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́!

Tí a bá wá ráhùn, ẹ ó ní ká de ìdérí rẹ̀ kó le sí i. Kí la fẹ́ dè? Gáàsì inú kẹ́ẹ̀gì ló ń ti ìdérí mọ́ rọ́bà rẹ̀ láti abẹ́ wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ rọ gáàsì tó 30 psi (ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń tì) sí i kó lè jókòó, ká tó dá a padà sí 10 tàbí 12. Òmíràn nínú yín ní kí n fi ìpara tó wá láti ara epo rọ̀bì ra á. Ṣé ẹ fẹ́ kí rọ́bà EPDM tí mo fi owó ara mi rà wú, kó bàjẹ́ ni? Ìpara tí wọ́n ṣe fún ohun èlò oúnjẹ là ń lò síbẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àyẹ̀wò rẹ̀ kò ṣòro rárá. Rọ gáàsì sínú kẹ́ẹ̀gì, po ọṣẹ mọ́ omi, fọ́n ọn sí ìdérí, ẹnu méjèèjì àti fáàfù tí à ń fà láti tú gáàsì sílẹ̀. Ibi tó bá ń jò á máa yọ ìfófòó. Fọ́kànáísà tó wà létí títì n'Íbàdàn kì í dá táyà padà fún ọ láìjẹ́ pé ó ti ri túùbù rẹ̀ sómi wò, ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kò lè po ọṣẹ!

Ẹ pààrọ̀ rọ́bà márààrún kí ẹ tó tà á. Tí ẹ kò bá ní ṣe é, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba pé ó ń jò, kí ẹ sì yọ owó iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe kúrò nínú owó rẹ̀.