"Ọjọ́ Gbogbo Ni Tolè": Ta Ló Fún Un Ní Gbogbo Ọjọ́ Náà?

Bí olè bá jà nílé ènìyàn, òwe tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni pé ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pa á fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni kẹrin ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ bó ṣe ń pa á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ òwe náà ò tù mí nínú. Kí ọjọ́ kan tèmi yẹn tó dé, ta ni yóò dá jẹnẹrétọ̀ mi padà?

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ọjọ́ Ojúde Ọba. Ẹni tó mọ ìlú wa mọ bí ọjọ́ náà ṣe ń rí. Àwọn régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, ti dì gèlè, wọ́n ti dé fìlà, àwọn ẹlẹ́ṣin ti dé, gbogbo ẹni tó wálé láti Èkó àti òkè òkun ti dà sójúde Awùjalẹ̀. Àwa náà lọ, tọmọdé tàgbà. Ọmọ mi obìnrin ò tíì jókòó tó fi gbé àwòrán wa sórí WhatsApp: "Gbogbo ilé wa pátá rèé!" N ò lè búra pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló kọ, kò ku ẹnì kan nílé.

Fèrèsé ilé ìdáná ni wọ́n gbà wọlé, oríṣi onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí a máa ń fi ọwọ́ ṣí. Wọ́n yọ gíláàsì mẹ́fà láìfọ́ ẹyọ kan, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí àwo tí ìyàwó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Gbogbo fèrèsé tó kù ló nírin. Ti ilé ìdáná ni owó ò tó nígbà tí à ń kọ́lé, la bá ní a ó ṣe é tó bá yá. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn kan náà. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé tẹlifíṣàn, wọ́n gbé fírísà pẹ̀lú ẹran àgbò tó wà nínú rẹ̀. Ẹran yẹn ló dun ìyàwó mi jù.

Ìyá onígàrí tó wà lódìkejì títì rí wọn. "Mo mà kí wọn o, Bàbá Bùsọ́lá. Mo ní ẹ kú ìnáwó, ó ti yá nìyẹn? Wọ́n ní àwọn fẹ́ tètè kúrò kí gosíló tó pọ̀ lọ́nà Èkó. Mo ṣe bí ẹ̀yin lẹ̀ ń padà lọ ni."

N ò lè bá a wí. Ọdún méje la ti kọ́ ilé náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la sì ń yọjú. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń juwọ́ sí i. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé àwọn tó ń kó ẹrù kì í ṣe ẹbí mi?

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ro òwe náà. Kí ló dé tí ọjọ́ gbogbo fi jẹ́ tolè? Ó dá mi lójú pé kì í ṣe pé ó ń jalè lójoojúmọ́. Ó ń wò ni. Ọjọ́ tó wá kó ẹrù ni ọjọ́ tó kéré jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan yóò béèrè bóyá yàrá wà fún rẹ́ǹtì. Lọ́jọ́ mìíràn yóò kàn gba iwájú ilé kọjá, yóò rí gílóòbù ìta tó ń tàn yòò ní aago méjì ọ̀sán. Àwa tan iná náà sílẹ̀ kó lè dà bíi pé ènìyàn wà nílé. Òun ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò pa iná náà. Koríko ti hù lẹ́nu géètì. Àgádágodo ńlá so níta, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn onílé ti jáde. Àwa la fún un lọ́jọ́ gbogbo.

Àwọn baba wa gbẹ́ Erédò Súngbọ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Yàrà náà lé ní 160 kìlómítà, erùpẹ̀ tí wọ́n wà níbẹ̀ ni wọ́n kó jọ sápá inú tó fi di ògiri; níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri náà tó 20 mítà. Bí mo bá dúró létí rẹ̀, ohun tí mo máa ń rò ni pé yàrà kì í mú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń fi àkókò ṣòfò fún ẹni tó ń bọ̀ ni, títí yóò fi wá gba ibi tí ènìyàn ti lè rí i. (Ìyẹn náà ní ibi tó mọ. Ẹ rántí ogun Ìmàgbọn lọ́dún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú.) Iṣẹ́ irin ojú fèrèsé nìyẹn pẹ̀lú: kó pẹ́, kó pariwo.

Mo ti wá ṣe irin ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n mo ní kí wẹ́dà ṣe ti yàrá kan bí ilẹ̀kùn, tó ṣeé ṣí látinú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ ará ìta kò lè tó, tí gbogbo ará ilé mọ̀. Wẹ́dà ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo tún fẹ́ ṣílẹ̀kùn folè ni. Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Bí iná bá ń jó, irin tí kò ní ibi àbájáde, àgò adìyẹ ni. Àwọn fèrèsé tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, igi tí mo gé ṣe déédéé ni mo tẹ́ sójú irin tí wọ́n ń yọ́ lórí rẹ̀; kò ná mi ní kọ́bọ̀. Mo gbé àkàbà kúrò lẹ́yìn ilé. Mo sì kọ nọ́ńbà ara jẹnẹrétọ̀ tuntun sínú ìwé, torí wọ́n béèrè ti àkọ́kọ́ ní tẹ́ṣàn, ẹnu mi wọhò.

Èyí tó gbà mí lákòókò jù ni ìyá onígàrí. Mo mú ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ kí i, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀, ó gba tèmi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń ro ẹnu géètì wa báyìí, mo sì ń sanwó fún un.

Lóṣù tó kọjá, fóònù mi dún. "Bàbá Bùsọ́lá, géńdé kan dúró síwájú ilé yín. Ó ní àbúrò yín lòun, pé ẹ̀yin lẹ fún òun ní kọ́kọ́rọ́. N ò mọ ojú ẹ̀. Mo ti ní kó jókòó."

Àbúrò mi ni lóòótọ́. Mo gbàgbé láti sọ fún màmá pé ó ń bọ̀, fóònù mi sì ti wà lórí ṣájà láti bíi wákàtí kan. Ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì látìgbà náà, ọlọ́dẹ àdúgbò méjì dúró tì í. Inú ṣì ń bí i títí di òní. Mo ti ra pádi gàrí kan lọ́wọ́ màmá, mo fi ránṣẹ́ sí i.