Òrùka méjì tó kọ́ra kò júwe ọ̀nà fún ẹrú kankan

Tí oṣù Èrèlé bá ti wọlé báyìí, wọ́n á tún fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp: àwòrán kúbùsù alábùlẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní quilt, pẹ̀lú ìtàn pé nígbà oko ẹrú, wọ́n máa ń sá a sórí ọgbà kí ẹni tó fẹ́ sá lọ lè ti ara iṣẹ́ ọnà rẹ̀ mọ ọ̀nà Kánádà. Ìràwọ̀ ní ìtumọ̀ tiẹ̀, ẹyẹ tó ń fò ní tiẹ̀. Òrùka ìgbéyàwó méjì tó kọ́ra wọn náà wà níbẹ̀.

Èmi náà gbà á gbọ́. Ọmọ Yorùbá tó mọ̀ pé owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, kí ló fẹ́ yà á lẹ́nu nínú aṣọ tó ń sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tó di àrokò àti ẹni tó gbà á ti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló kọ́ ẹrú tó ń sá gba ìlú onílùú kọjá lóru?

Ẹ jẹ́ ká mú ti òrùka yẹn nìkan. Double Wedding Ring ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí ọdún 1928 ni àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bátànì rẹ̀ jáde, ó sì gbòde ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí owó wọ́n, tí àwọn obìnrin ń fi àpò oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ránṣọ. Díẹ̀ tó jọ ọ́ wà ṣáájú 1900, ṣùgbọ́n ọdún 1865 ni òfin ti fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti rán an rí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Àgékù aṣọ wẹ́wẹ́ bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí orí wọn fẹ̀ ju ìdí lọ, lẹ máa so pọ̀ títí wọ́n á fi tẹ̀ bí ọrun. Ọrun méjì á gbá aṣọ kan tó rí bí ewé mọ́ àárín, òrùka méjì ló sì jọ ni ewé yẹn. Kò sí òrùka tí a ń dá rán lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ra. Ibi tí wàhálà wà ni etí tó yọ síta tó gbọ́dọ̀ bá etí tó tẹ̀ wọnú dọ́gba. Àárín lẹ máa kọ́kọ́ fi píìnì mú, lẹ́yìn náà igun méjèèjì, kí ẹ tó máa rọra pín ìyókù. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti igun kan. Alẹ́ méjì ni mo fi rán ìdajì òrùka pẹ̀lú àgékù ànkárá, ó sì ká kò bí ewé gbígbẹ.

Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1999 ló gbé ìtàn náà káyé, látẹnu obìnrin kan tó ń ta kúbùsù ní Charleston. Láàárín 1936 sí 1938, ìjọba rán àwọn èèyàn lọ bá àwọn tó ti ṣẹrú rí, ó lé ní 2,300 ìtàn tí wọ́n kọ sílẹ̀. William Still, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ran ẹrú tó ń sá lọ́wọ́, náà kọ ìtàn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹni tó sá, ó tẹ̀ ẹ́ ní 1872. Àwọn òpìtàn wá àṣírí kúbùsù níbẹ̀ tì. Frederick Douglass, ẹrú tó padà di gbajúmọ̀ nínú ìjà fún òmìnira, ní tiẹ̀, aṣọ atukọ̀ ló wọ̀ sá lọ ní 1838, ó gba ìwé ìdánimọ̀ ẹlòmíì dání, ó sì wọkọ̀ ojú irin.

Kúbùsù tó sọ̀rọ̀ ní tòótọ́ wà ṣá o. Wọ́n bí Harriet Powers sóko ẹrú ní Georgia ní 1837. Lẹ́yìn òmìnira, ó rán ìtàn Bíbélì sára kúbùsù: Ádámù àti Éfà, àkàbà Jékọ́bù, Júdásì. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan fẹ́ rà á ní 1886, ó kọ̀. Nígbà tí nǹkan le, ó ní kó mú dọ́là mẹ́wàá wá; dọ́là márùn-ún ló padà gbà. Ó ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan fún un, ìyẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀. Powers ń padà lọ wo kúbùsù náà lẹ́yìn náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.