Aago Márùn-ún Orí Ìwé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Dúdú kékeré yẹn, tí ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ lójú tó sì máa ké "píì". Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní aago 7:59 àárọ̀, ẹ ti bọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 8:06, ó ti kọ yín sílẹ̀, nígbà tí oṣù bá parí, HR, àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, á ṣí ìwé, wọ́n á yọ owó. Ẹ̀rọ yẹn kan náà lẹ tún tẹ̀ nígbà tí ẹ ń lọ sílé ní aago 8:40 alẹ́. Ó ké "píì" náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ náà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ṣí ojú ìwé yẹn. Láti aago 5 tó yẹ kí ẹ ti ṣíwọ́, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 40 ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Irú òṣùwọ̀n wo ló ń wọn gbèsè ọmọ iṣẹ́, tí kì í wọn gbèsè ọ̀gá?

Bí ẹ bá ní kí ẹ sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á sọ ọ́ di ìjà alákíkanjú àti ọ̀lẹ. "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́." "Àwọn ọmọ ìwòyí ò lè ṣiṣẹ́." "Nígbà tiwa, orí tábìlì la ń sùn." Ta ló bá yín jà lórí iṣẹ́? Oògùn tí ẹ ń sọ yẹn, ṣé kò ní ìwọ̀n ni? Ohun tí à ń wí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aago 5 lọ́fíìsì Èkó, kì í ṣe iṣẹ́ rárá. Ìdúró ni. Àìlétò ọ̀gá ni, tí wọ́n wá dì lé ọmọ iṣẹ́ lórí bí ẹni di ẹrù lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ sọ pé aago 8 sí aago 5. Ọ̀gá ń gbé Ìkòyí, ìṣẹ́jú 20 ni ọkọ̀ rẹ̀ fi ń dé ọ́fíìsì, aago 11 ló wọlé. Ó mu tíì, ó gba fóònù, àlejò wọlé, àlejò jáde. Ìwé tó yẹ kó buwọ́ lù láti àárọ̀ sùn sórí tábìlì rẹ̀. Aago 4:40 ló tó rántí pé oníbàárà ń retí àbọ̀ lọ́la, ló bá pe ìpàdé sí aago 5:30. Ìpàdé tí ímeèlì ìlà mẹ́ta ì bá parí. Àwọn tó ti ṣe tiwọn tán láti aago 4 náà ò lè dìde, torí ta ló fẹ́ kó jẹ́ òun ni ọ̀gá máa rí tó gbé báàgì kọ́ èjìká? Wọ́n á máa tẹ kọ̀ǹpútà lásán, wọ́n á ṣí Excel, wọ́n á tún pa á dé. Wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀ ní aago 6, ooru ń bọ́ wọn láwọ̀, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara wọn, wọ́n ṣì jókòó. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní "ọ̀gá ò tíì lọ." Ìyẹn náà niṣẹ́?

Ilé ò sì sí nítòsí. Owó tí wọ́n ń san kò lè gba yàrá kan ní Victoria Island, kódà kó jẹ́ yàrá adìẹ. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi wà ní Mowé, Ìbàfò, Ìkòròdú, Sàngó. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ka ṣáájú aago 8 láti Mowé gbọ́dọ̀ ti wà létí títì márosẹ̀ ní aago 4:30 ìdájí. Tó bá fi lè pẹ́ díẹ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Berger á gbé e mì, kó tó já sórí afárá Third Mainland, ojú ti mọ́ kedere. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Oyíngbò sí Agbádo ran àwọn ará Agége lọ́wọ́ lóòótọ́, a ò ṣépè fún un, ṣùgbọ́n kò dé Ìkòròdú, kò dé Mowé. Ní alẹ́ ńkọ́? Ẹni tó jáde ní aago 5 gan-an á bá èrò rẹpẹtẹ ní Obáléndé, àmọ́ ọkọ̀ wà. Ẹni tó jáde ní aago 8:40 á bá ọkọ̀ tó ti dínkù àti owó ọkọ̀ tó ti gòkè. Wákàtí 3 tí ọ̀gá gbà lọ́fẹ̀ẹ́, òṣìṣẹ́ ló tún san owó lé e.

Ẹ mú bírò. Ká ní owó oṣù jẹ́ ₦150,000. Ọjọ́ iṣẹ́ 22, wákàtí 8 lóòjọ́, àpapọ̀ 176. Wákàtí kan já sí ₦852. Ẹ fi wákàtí 3 ìdúró-de-ọ̀gá kún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó di 242, wákàtí kan ti já wálẹ̀ sí ₦620. Ẹ wá fi wákàtí 5 ojú ọ̀nà kún un, ó di 352, ẹ ń ta wákàtí kan ní ₦426. Ẹ ò tíì yọ owó ọkọ̀ o. Tí ẹ bá ka wákàtí oúnjẹ tí kò sẹ́ni tó ń fi jẹun mọ́ ọn, 17 ti lọ nínú 24. Nínú 7 tó kù lẹ ti máa wẹ̀, ẹ ti máa dáná, ẹ ti máa wo ìwé ọmọ, kẹ́ ẹ tó wá sùn.

Ti báńkì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà rò pé tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn ní aago 4, kaṣíà ti fẹ́ máa relé. Aago 4 gan-an ni wàhálà dé. Gbogbo owó inú dúrọ́ọ̀ á jáde, wọ́n á ya èyí tó mọ́ sọ́tọ̀, èyí tó ṣì ṣeé ná sọ́tọ̀, èyí tó ti ya sọ́tọ̀. Ọgọ́rùn-ún wẹ́ẹ́wẹ́ ni ìdì kan, ìdì mẹ́wàá ni wọ́n ń dì di búríìkì kan, búríìkì kan ti ₦1,000 jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi owó ojú wé owó orí kọ̀ǹpútà. Tí ₦9,000 bá dín, kò sẹ́ni tó ń lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ wò ó bóyá iye tó dín ṣeé fi 9 pín, torí ẹni tó tẹ 54,000 níbi tó yẹ kó tẹ 45,000, ₦9,000 gan-an ló máa fi ṣìnà. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, á pín in sí méjì, á wá ìwé tó ní iye yẹn, nítorí owó tí wọ́n gbà tí wọ́n wá tẹ̀ bí owó tí wọ́n san, ìlọ́po méjì ló máa ń fi yàtọ̀. Tí méjèèjì ò bá sí níbẹ̀, ó di ká máa tú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún ìdì kà, bóyá ọ̀kan jẹ́ 99. Ojú tó ti là sílẹ̀ láti aago 3:30 ìdájí lẹ fẹ́ kó rí ìyàtọ̀ 45 àti 54 ní aago 7 alẹ́. Àárẹ̀ ló bí àṣìṣe, àṣìṣe ló tún mú ilẹ̀ ṣú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún fẹ́ kó jí ní aago 3:30. Tí wọn ò bá sì rí owó náà, inú owó oṣù kaṣíà ló ti ń jáde.

Ẹ ti gbọ́ abala 5 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, rí? Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ bí owó ìtanràn. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí kò bìkítà, wọ́n lè yọ ìwọ̀n tó bójú mu, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Òfin yẹn sì ka ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé mọ́ òṣìṣẹ́. Ìyọwó-nítorí-pípẹ́ tí HR ń ṣe lóṣooṣù yẹn, ta ló fọwọ́ sí i?

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo pé "òfin Nàìjíríà ní wákàtí 40 lọ́sẹ̀", ẹ lọ ka abala 13. Kò sí 40 níbẹ̀. Iye tí ẹ̀yin àti agbanisíṣẹ́ bá jọ fẹnu kò sí ni, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá dúnàádúrà rẹ̀, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó iṣẹ́ bá là sílẹ̀. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni ófátáìmù, òfin ò sì sọ iye tí wọ́n máa san fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wa mú. Ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín, ẹ máa bá gbólóhùn kékeré kan níbẹ̀: "àti àkókò mìíràn tí iṣẹ́ bá béèrè fún." Ẹ ti fọwọ́ sí i. Abala 91 tún wá ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso tàbí iṣẹ́ onímọ̀ kò sí lára àwọn tí òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́. Ẹ ò rí i pé oyè pọ̀ lọ́fíìsì ju owó lọ? Ọmọ tó ń da ìwé kọ, "Executive" ni wọ́n kọ sára káàdì ẹ̀.

Èyí tí òfin sọ láìfi bò, wọn kì í ṣe é. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Nínú ọjọ́ 7, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinmi, wákàtí 24 gbáko. Tí wọ́n bá gbà nínú rẹ̀, kí wọ́n dá a padà kí ọjọ́ 14 tó pé, tàbí kí wọ́n san owó ófátáìmù lé e. Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Sátidé tí wọ́n tún ń pè ní Sọ́ńdè, ṣé wọ́n ti dá ọ̀kan padà fún yín rí? Ti ìsinmi ọdọọdún kò ṣeé sọ: ọjọ́ iṣẹ́ 6 péré ni òfin fi ṣe ìpìlẹ̀ lẹ́yìn oṣù 12. Mẹ́fà! Ìyàwó tuntun ò tíì tú ẹrù tán.

Àwọn ti ilé iṣẹ́ ńlá ní Ọ̀tà àti Agbára, a ò tíì dárúkọ wọn. Aago 7 sí aago 7, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, wákàtí 72. Kí ló dé tí kì í ṣe ṣíìfù mẹ́ta oníwákàtí 8? Torí ṣíìfù mẹ́ta nílò ọ̀wọ́ èèyàn mẹ́ta, ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n fẹ́ sanwó fún. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ 26 oníwákàtí 12, ₦224 ni wákàtí kan. Èyí tí wọ́n bá tiẹ̀ san án pé ni mo sọ. Ìdájí, láàárín aago 3 sí 5, ni ojú máa ń wúwo jù, àsìkò yẹn náà sì ni ọwọ́ ń wọ ẹ̀rọ, pàápàá níbi tí wọ́n ti ṣí ìbòrí ẹ̀rọ kúrò torí pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ní 2021, àjọ ìlera àgbáyé WHO àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ILO jọ gbé àbọ̀ jáde pé ẹni tó ń ṣe wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 jù ú lọ. Márùndínlọ́gọ́ta ni wọ́n ń sọ o. Àádọ́rin lé méjì la wà.

Ẹ má sì rò pé àwọn èèyàn wa tó wà nílùú ọba ti bọ́. Òfin wọn ti 1998 ní wákàtí 48 lọ́sẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kọjá, tí wọ́n bá ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ 17, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yọ ara yín kúrò. Àárín fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kó fún aláìmọ̀kan tó ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó ló máa ń wà. Ẹ ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó ti fọwọ́ sí i lè kọ̀wé láti yí i padà, ọjọ́ 7 ló máa gbà, àfi tí àdéhùn bá ní kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kò sì lè ju oṣù 3 lọ.

Ti WhatsApp ló wá dópin gbogbo ẹ̀. Aago 10:47 alẹ́ Sọ́ńdè, máníjà ju iṣẹ́ sínú gúrúùpù: "Ẹ jọ̀ọ́, kó wà lórí tábìlì mi ní aago 8." Kò tó ìṣẹ́jú kan, "Noted sir" ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò bí èèrà. Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n ti rí àmì búlúù méjì lójú rẹ̀, àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n máa bi í. Faransé ti ṣòfin láti January 2017 pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ bá wọn jókòó lórí ẹ̀tọ́ wọn láti pa fóònù iṣẹ́ tí wọ́n bá ti ṣíwọ́. Tiwa, ẹni tó bá pa fóònù, agídí ló ní.

Láyé àtijọ́, ẹni tó fi ara rẹ̀ yáwó, ìwọ̀fà, ní ìwọ̀n iṣẹ́. Iye ebè tó máa kọ lóòjọ́ ti wà nílẹ̀. Tó bá tètè jí, tó kọ ọ́ tán kí oòrùn tó mú, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀, á lọ sóko ara rẹ̀. Olówó ò ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè títí òun á fi dìde. Onígbèsè nìyẹn o. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọjọ́, ìgbà tí ẹ wọlé, ìgbà tí ẹ jáde, ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe lẹ́yìn aago 5 àti ẹni tó sọ ọ́. Kó má jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọjọ́ tí wọ́n bá lé yín ni wọ́n ń gbà á. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ sílé. Tó bá di ti ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, "wọ́n ń pẹ́ mi síbi iṣẹ́" kò tó, ọjọ́ àti wákàtí ni wọ́n máa béèrè.

Ẹ̀yin HR náà, ẹ má sọ fún wa pé ẹ ò mọ iye wákàtí tó jẹ́. Ẹ̀rọ yín ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí ojú ìwé àárọ̀ lóṣooṣù, ẹ ṣí ti alẹ́, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ san án. Tí ẹ ò bá lówó tí ẹ máa san, ẹ pa iná ní aago 5.