Ẹni Tó Ń Gba Owó Lẹ́nu Ọ̀nà, Kó Wọlé

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ni nǹkan bú gbàù ní Bódìjà. Òrùlé ṣí, gíláàsì fèrèsé fọ́ yángá, ẹ̀mí ṣòfò. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé láàárín àdúgbò. Gbogbo Ìbàdàn pariwo. Ariwo ọ̀hún ti rọlẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì tíì dé ṣọ́ọ̀bù wa.

Ẹ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe àga. Kẹ́ẹ̀gì tíńnà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, tó sì máa ń tètè gbaná, ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀rá ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ torí pé ìdérí ti sọnù. Fọ́ọ̀mù tò dé àjà. Lẹ́búlẹ́bú pákó bo ilẹ̀, ó bo ṣúíìṣì. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà, wọ́n ti fi páànù kàn án pa nítorí olè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọmọ iṣẹ́ a tẹ́ ẹní sáàárín gbogbo rẹ̀, a sùn.

Oru tíńnà àti ti bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń rá lọ títí yóò fi bá jẹnẹrétọ̀, sítóòfù tàbí ṣúíìṣì tó ta pàrà. Ti bẹntiróòlù kò tilẹ̀ nílò oòrùn, nínú ọyẹ́ gan-an ó ń tú jáde. Ìdí nìyí tí fèrèsé òkè nìkan kò fi tó, tí ògiri fi gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó kúnná pàápàá, bó bá gbéra sójú afẹ́fẹ́ nínú yàrá tó há, tí iná sì kàn án, ó lè bú gbàù.

Òfin iléeṣẹ́ ilẹ̀ wa, Factories Act, kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, kí wọ́n má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ débi tí kò ní lè tètè ṣí i láti inú.

Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtàwọn ìjọba ìbílẹ̀ rán ènìyàn wọ inú ṣọ́ọ̀bù kí iná tó ṣẹ́ yọ. Ẹni tó ń wá gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Láńlọ́ọ̀dù tó kọ́ yàrá láìsí ihò afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, torí ayálégbé kò lè lu ògiri ológiri.

A mọ̀ pé ọjà le. A ò ní kí káfíńtà kọ́ ilé fún tíńnà. Kó ra èyí tí yóò lò, kó dé e pa, kó gbé ìyókù sínú àpótí irin níta, níbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Kí wọ́n gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn síbẹ̀ ńkọ́? Kí ọ̀gá rẹ̀ wá ibòmíràn fún un láti alẹ́ òní.